Ìjà Tí Kò Ní Ìtẹríba

Chigusa ṣẹ̀ṣẹ̀ nu pákó gbọ̀ngàn náà gbẹ tán ni, ó yíjú padà, ó tún rí ipa àtẹ́lẹsẹ̀ tútù lórí rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù kò tíì dé. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, yìnyín sì ń yọ̀ ṣubú láti orí òrùlé.

Ọkùnrin tó máa ń yọ sí i náà dúró níbi tí ipa ẹsẹ̀ parí sí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kẹ́ńdò, ìjà onídà ọparun, ti àdúgbò yìí, gbogbo èèyàn ló ń so aṣọ tí wọ́n kọ orúkọ sí mọ́ ìbàdí, torí ìbòjú onírin kì í jẹ́ ká rí ojú ẹnìkejì. Ìbàdí tirẹ̀ ṣófo. Kò kí i. Ó gbé idà ọparun sókè, ó gbá a lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún, níbi tó máa ń gbá láràárọ̀.

Otútù tó ń fi síbẹ̀ kì í lọ mọ́. Onígbàjámọ̀ sì ni Chigusa, ọwọ́ yẹn ló fi ń jẹun. Lánàá, ó kù díẹ̀ kó gé etí oníbàárà, torí kò mọ ìgbà tí abẹ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti gbìyànjú kó má wá rárá, ṣùgbọ́n ńṣe ni otútù náà gùn dé ìgbúnwọ́. Tó bá fi dé èjìká, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ìyá Fusae, opó ọ̀gá wọn Hatanaka, ló gbé ọbẹ̀ gbígbóná wá. Ó di ọwọ́ náà mú.

"Ta lo ń bá jà láràárọ̀? Ohùn tìẹ nìkan ni mò ń gbọ́."

"Ẹnì kan ni, Ìyá. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ fi ìka kan etí ìbòjú rẹ̀."

Ìyá náà gbé ìkòkò ọbẹ̀ kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Lọ́jọ́ tó ń bá ọ jà tó ṣubú," ó bi í jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ lóṣòó, tí ẹ tẹríba fún ara yín bí a ṣe ń parí ìjà?"

"Ìyá, ẹni tó ń kú lọ. Mo ju idà nù, mo sáré gbé e."

"Hẹn-ẹn. Ìjà yẹn kò tíì parí lójú tiẹ̀ nìyẹn. Ìwọ náà ṣáà mọ orí kunkun ọ̀gá yín. Lọ parí ẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rù ba Chigusa gan-an, ṣùgbọ́n ó ti pinnu. Ó sọ idà kalẹ̀, ó fẹ́ lóṣòó. Gbà! Ọkùnrin náà gbá a. Ó tún gbìyànjú, ọkùnrin náà tún gbá a. Chigusa wá gbá òun náà padà, jẹ́jẹ́.

"Ṣé o fẹ́ gẹrun fún mi ni?" ohùn kan sọ lábẹ́ ìbòjú náà.

Ọ̀gá gan-an ni. Bó ṣe máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn bí Chigusa bá ti ń sá sẹ́yìn. Àṣé kò ní gba ìtẹríba ẹni tó ń sá. Chigusa kígbe, ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ tààrà, ó fi gbogbo ara gbá a ní àárín orí. Irin dún. Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn, ó rọra lóṣòó. Òun náà lóṣòó, ó há idà rẹ̀ sábẹ́ apá, ó tẹríba.

Nígbà tó gbórí sókè, kò rí i mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn padà sínú ìka rẹ̀, ó gbóná. Ó sunkún.

Ìgbà náà ló gbọ́ òórùn èéfín. Lẹ́yìn ibi tí ọ̀gá dúró sí, àwọn kan tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń dúró de ọ̀gá. Iná ti jó èjìká aṣọ ìjà wọn, bí ẹni tí iná ká mọ́ ẹnu ìjà. Ìbàdí gbogbo wọn ṣófo. Kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún un pé ìjà tiwọn náà kò tíì parí.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òórùn ọbẹ̀ Ìyá Fusae ń wọlé. Chigusa wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná. Ó fa okùn ìbòjú le, ó sì tẹríba fún ẹni àkọ́kọ́.