Katakata Bàbá Tìrìmísíyù

Koríko tútù tún wà lára abẹ katakata náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lọ́tọ̀ lórí tábìlì, wọ́n ti tú u palẹ̀ bí adìẹ tí wọ́n fẹ́ sè. Síméńtì ni gbogbo àgbàlá ilé tí Mojúbàolú ń gbé ní Lásùnwọ̀n, ní Ìkòròdú, ewéko kan kò hù níbẹ̀. Mojúbàolú bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka mú koríko náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀. Omi rẹ̀ ṣì ń jáde, yanrìn funfun sì lẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tó máa ń wà létí ọ̀sà. Ó kó o dànù, kò sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Iṣẹ́ koríko gígé ló gbé Mojúbàolú wá sí Ìkòròdú láti Ìkirè. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká ló ń lò, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn kọrọdọ bí ọrun. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé bí ó bá tún ń gbé e kọ́rùn bẹ́ẹ̀, ó lè má nàró mọ́. Ilé ìwé ńlá kan ní Ìjẹ̀dẹ̀ wá ṣèlérí pé Mojúbàolú ni yóò máa tọ́jú pápá àwọn, bí ó bá lè mú ẹ̀rọ tí èèyàn ń jókòó lé wá kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Agbára rẹ̀ kò ká tuntun. Ìyẹn ló gbé e dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí opó kan, Àlájà Kúlúsúmù, ti ta katakata kékeré kan fún un, èyí tí ọkọ rẹ̀ olóògbé, Bàbá Tìrìmísíyù, fi ń gé koríko nígbà ayé rẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́, eku ti bímọ sábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ Mojúbàolú fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ mọ àwọn ọkùnrin: ohun tó bá ti dún rí, wọ́n á ní àwọn á mú un dún padà.

Ó ha ìpẹtà, ó kùn ún lọ́dà pupa. Ó fọ kábúrétọ̀, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti bátìrì, ó dá ẹ́ńjìnì padà sáyè rẹ̀. Ẹwàolúwa, ìyàwó rẹ̀, fi òróró àdúrà sàmì àgbélébùú sí iwájú rẹ̀. Mojúbàolú yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì dún kẹ́, ó dákẹ́. Ó tún un yí, bákan náà ni. Èyí tó wá dẹ́rù bà á jù ni ìjókòó. Fóòmù tuntun ló fi sí i, síbẹ̀ láràárọ̀ ni àárín rẹ̀ máa ń tẹ̀ wọnú, tí yóò sì lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibi tí ẹnìkan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

"Bàbá Tìmílẹ́hìn, ẹ dá nǹkan yìí padà," ni Ẹwàolúwa sọ fún ọkọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ̀rọ yìí ní ẹni tó ni ín."

"Èmi ni mo ni ín."

"Ṣé ó mọ̀?"

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mojúbàolú padà sí Ẹ̀pẹ́. Kò tíì ro ẹjọ́ tán tí Àlájà fi fa ìborùn bo orí, tó sì mú un lọ sí Yídì, pápá tí àdúgbò wọn ti ń kírun ọdún. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Koríko apá kan ga dé ìbàdí. Apá kejì kúrú, ó tẹ́ bí ẹní, ipa táyà sì hàn lórí yanrìn funfun, ṣùgbọ́n kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan.

"A rò pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń gé e ni," ni Àlájà wí. "Bàbá ló máa ń gé e lọ́dọọdún. Ikú mú un kó tó gé tọdún yìí. Nílé wa níbí, bí èèyàn bá ra ọkọ̀ ojú omi olóògbé, iṣẹ́ tí olóògbé náà kò ṣe tán lèèyàn á kọ́kọ́ fi í ṣe, kí olóògbé lè fi í sílẹ̀. Mi ò sọ fún ẹ, ọmọ mi. Mo rò pé ọkọ̀ ojú omi nìkan ni."

Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín la fi ń rín. Mojúbàolú rẹ́rìn-ín.

Ó padà sílé, ó gbé katakata sínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó kó o wá sí Ẹ̀pẹ́. Lọ́sàn-án gangan, lójú Àlájà, ó gùn ún níbi tí koríko gíga ti bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí wẹ́lẹ́. "Ẹ jẹ́ n bá yín parí ẹ̀."

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì bú lẹ́ẹ̀kan náà! Ayọ̀ gbé e, ó pariwo. Ariwo ọ̀hún kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tó fi rí i pé ọwọ́ òun kọ́ ló ń yí sítíárìn. Ó ń yí fúnra rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń yà fún àwọn kùkùté tí Mojúbàolú kò rí, èémí gbígbóná kan sì ń fẹ́ sí i lọ́rùn. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó rántí ẹ̀yìn rẹ̀, ó rántí Ìjẹ̀dẹ̀, ó dì í mú. Nígbà tí wọ́n gé poro ìkẹyìn tán, ìjókòó ta sókè lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí èrò bá bọ́ọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà. Sítíárìn wá rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Létí pápá, Àlájà ń juwọ́ síbi tí kò séèyàn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Mojúbàolú gbé katakata náà dé Ìjẹ̀dẹ̀. Ìyáàfin Waliyah, ọ̀gá ilé ìwé, ti dúró lẹ́nu géètì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ gé díẹ̀ kí wọ́n wò ó.

"Kò pọn dandan," ni obìnrin náà wí. "Iṣẹ́ ti di tiyín. Bàbá tó wá sọ́fíìsì mi nírọ̀lẹ́ àná ti ṣe onígbọ̀wọ́ yín."

"Bàbá wo, Mà?"

"Bàbá Ẹ̀pẹ́ yẹn, onífìlà funfun. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ katakata í gùn bíi tiyín. Mo fún wọn ní àga títí, wọn ò gbà. Wọ́n ní àwọn ti jókòó pẹ́."

Mojúbàolú fọwọ́ kan ìjókòó katakata. Ó gùn ún, ó na ẹ̀yìn ró ṣánṣán, ó sì wọ pápá lọ tayọ̀tayọ̀, ti òun ti ìbẹ̀rù tó kù lára rẹ̀.