Gééjì Ọkọ̀ Pupa Màmá Lábísí

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi. Bí ẹnìkan bá ní irọ́ ni, kò burú, àmọ́ èmi kì í fi iṣẹ́ mi parọ́. Mẹ̀dínátù ni orúkọ mi. Mẹkáníìkì ni mí ní Ẹ̀gùá. Lọ́wọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́, kò sì sí ọkọ̀ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi rí tó dójú tì mí.

Ọdún tí ìjọba ti bọ́dà pa ni. Màmá Lábísí, tí wọ́n ti ń kó tòmátò láti Kútọnu fún ọgbọ̀n ọdún, ra sípọ́ọ̀tì káà pupa kan, onílẹ̀kùn méjì. Àwọn kan fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Màmá dá wọn lóhùn pé àwọn ti jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó, ó ku kí àwọn náà jókòó sórí àga aláwọ.

Ọkọ̀ náà kò tíì pé oṣù kan nílé tí bọ́dà fi tì. Kò pẹ́ tí ìjọba tún fi ní bẹntiróòlù kò gbọdọ̀ wọ àwọn ìlú ẹ̀bá bọ́dà mọ́. Táǹkì gbẹ. A ti ọkọ̀ náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi, Màmá Lábísí sì fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

Ọ̀nà dákẹ́. Bí ewé bá já, wàá gbọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fa gééjì yọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wo bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ṣe pọ̀ tó. Ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè. Mo nù ún, mo tún tì í bọ inú ẹ́ńjìnì. Bákan náà ni. Bí bẹntiróòlù bá jò sínú ọ́ìlì, ó máa ń pọ̀ sí i, àmọ́ wàá gbóòórùn rẹ̀. N kò gbóòórùn nǹkan kan. Bí omi bá wọ̀ ọ́, á funfun bí ògì. Èyí mọ́ bí oyin.

Mo da díẹ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ títí ó fi dé àmì tó yẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti tún kọjá àmì. Ní ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìbàdí mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣí ọkọ̀ náà.

Mo ránṣẹ́ pe Màmá Lábísí.

“Mẹ̀dínátù, ṣé o ti ba ọkọ̀ mi jẹ́ ni?”

“Rárá, mà. Ẹ jókòó, kí ẹ máa wo ọwọ́ mi.”

Ọ̀sán gangan ni. Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Ọ́ìlì dà sínú abọ́ títí kò fi kán mọ́. Mo fi nọ́ọ̀tì náà lé Màmá lọ́wọ́. A dúró. Ẹyẹ kan kò ké. Mo wá ní kí wọ́n fúnra wọn fa gééjì.

Wọ́n fà á. Ọ́ìlì bò ó, dé àmì òkè gẹ́lẹ́.

Mo padà sábẹ́. Ihò náà ṣí sílẹ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́. Gbígbẹ.

“Ó gbóná,” ni Màmá Lábísí wí jẹ́ẹ́jẹ́ lókè.

Mo jáde, mo fọwọ́ kan gééjì náà. Ó gbóná bí ọ́ìlì ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé. Màmá bi mí ohun tó fà á.

“N kò mọ̀, mà. N kò ní parọ́ fún yín.”

Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi gbé e wá bá mi nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bẹntiróòlù dé. Mo dá nọ́ọ̀tì padà, mo gbé kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì tuntun dání, àmọ́ gééjì ṣì wà ní àmì òkè, ọwọ́ mi sì dúró. Bí gééjì bá purọ́ tí n kò bu ọ́ìlì sí i, ẹ́ńjìnì kú nìyẹn. Bí kò bá purọ́ tí mo bu sí i, ó bàjẹ́ bákan náà.

“Ìwọ ni mẹkáníìkì,” ni Màmá Lábísí wí. “Ohun tí o bá sọ ni a ó ṣe.”

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tan ẹ́ńjìnì.

Ẹ́ńjìnì náà dún bí ológbò tó ń sùn. A gbé e dé Ayétòrò, a sì gbé e padà, gèlè Màmá ga bí adé. Gbogbo ọ̀nà ló dìde dúró láti wo obìnrin méjì nínú ọkọ̀ pupa. Nígbà tí a dé, mo tún tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Ẹ̀kán kan kò kán. Gééjì kún.

Màmá Lábísí bi mí bóyá ó lè dé Èkó. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ síbi tó bá wù wọ́n. Wọ́n ti lọ, wọ́n ti bọ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Títí di òní, n kò tíì bu ọ́ìlì kankan sí i.