Ilẹ̀kùn Kan Ṣoṣo

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé wọ́n fẹ́ kó gbogbo ayálégbé jáde nínú ilé olókùúta àtijọ́ kan ní Glasgow kí wọ́n lè tún un ṣe, Ishbel sáré lọ bá ìyá rẹ̀ tó ń gbé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ rí. Orí àti èjìká rẹ̀ ti wọnú ààrò inú ògiri lọ.

“Kí lẹ ń wá níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n?”

“Afẹ́fẹ́.” Ó yọrí, èérú kún irùngbọ̀n rẹ̀. “Ibí ni ooru Màmá ń gbà sá lọ.”

Tormod ni, òun ló ń ya àwòrán àtúnṣe náà. Ó ní òun yóò fi irun àgùntàn wọ ògiri láṣọ, òun yóò dí gbogbo ihò òtútù. Olówó yóò ra ilé níbẹ̀, mẹ̀kúnnù yóò yálé gbé, Màmá yóò sì padà sí yàrá rẹ̀ láìbẹ̀rù owó iná tó ń mú ilé móoru.

“Bó o bá purọ́, ọmọ mi,” Màmá wí, “inú ààrò yẹn ni n ó dá ẹ padà sí.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti kó Màmá lọ sí ilé àyágbé fúngbà díẹ̀ ni Tormod ti ń wá kí òun àti Ishbel níbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa fèrèsé bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sú Ishbel. Ọjọ́ tí kò bá wá, ó tún sú u jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi ìgbà tó rí àwòrán náà: ilẹ̀kùn iwájú fún olówó, ti ayálégbé lẹ́yìn, níbi ààtàn.

“Olùfẹ́ mi, àwọn tó ni owó ló ní kí n—”

“Ta ni olùfẹ́ ẹ? Ìwọ tó ń wá òtútù kiri ògiri, o ò rí èyí tó o fọwọ́ ara ẹ yà!”

Tormod lọ. Ó kọ̀ láti fọwọ́ sí àwòrán náà, ó bá wọn jà títí wọ́n fi gbà fún ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìjà náà fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Màmá kú kí ilé tó parí.

Ishbel ló gba yàrá náà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, aládùúgbò àtijọ́ kan gbàgbé pé Màmá ti kú, ó fi páálí tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́ àtẹ̀gùn kọ́ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀: “Ó kàn yín láti fọ àtẹ̀gùn.”

Ishbel ń wò ó, omi ń dà lójú rẹ̀, nígbà tí Tormod gun òkè dé. Ó ka páálí náà. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó pọn omi, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àtẹ̀gùn.

“Ishbel, ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Ọkùnrin yìí! Pẹ̀lú omi ìdọ̀tí lọ́wọ́?” Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. “Màá fẹ́ ẹ. Sún kúrò níbẹ̀, igun ni Màmá ti máa ń bẹ̀rẹ̀.”

Ishbel kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti igun.