Ife Kòkó Tí Leitu Dà Nù

Leitu gba ife náà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó kan ètè. Kò já a gbà. Ó rọra ṣí ìka obìnrin náà kúrò lára ife lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé, ó gbé e dé etí ilé, ó sì da kòkó gbígbóná inú rẹ̀ sórí iyanrìn.

"Leitu," ni ìyá rẹ̀, Fuatino, pè é láti orí ẹní.

"Mà."

"Ṣé o rántí ìgbà tí mo mu kòkó gbẹ̀yìn?"

"Dókítà ló ní kò dáa fún yín, Màmá."

"Èmi ò bi ọ́ ní ohun tí dókítà wí."

Àǹtí Aperila, ẹ̀gbọ́n Fuatino, jókòó ti òpó ilé, ó ń wo iyanrìn tó ń fa kòkó rẹ̀ mu. Òun ló gbé kóró kòkó náà wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn láti abúlé tirẹ̀ ní apá kejì erékùṣù Savai'i. Òun ló yan án nínú agbada, tó fi ìka lásán bó èèpo rẹ̀ nígbà tó ṣì ń jóni lọ́wọ́, tó sì gún un lódó títí tó fi ń yọ òróró. Àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ṣì dúdú.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń bá kòkó yẹn ṣe wàhálà," ó ní. "Àṣé àwọn akàn ìta ni mo ń sè é fún, n ò mọ̀."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ẹ kàn má sè é mọ́ ni."

Fuatino kọ ẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì.

Àtọ̀gbẹ ló kọ́kọ́ mú Fuatino. Nígbà tí wọ́n máa fi mọ̀, ó ti ba kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Apia, olú ìlú wọn, níbi tí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àwọn dókítà yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n ní ó ti rẹ̀ jù, kò ní lè gba ẹ̀rọ náà. Wọ́n kọ ohun tó lè jẹ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ sínú ìwé kan, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Leitu, òun nìkan ni Fuatino bí, bàbá rẹ̀ sì ti kú láti kékeré rẹ̀. Ó mọ ìwé, pàápàá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì gbà pé ẹni tó bá tẹ̀lé ìlànà láìfo ọ̀kankan ni yóò rí ìdáhùn tó tọ́. Ó lẹ ìwé dókítà mọ́ òpó ilé bí ìgbà tí wọ́n bá lẹ òfin. Kò sí iyọ̀, kò sí ṣúgà, kò sí kókò, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sí omi àgbọn. Ife oògùn ló fi ń wọn omi tí ìyá rẹ̀ ń mu. Nígbà tó yá, ó fi tirẹ̀ kún un. Ó ní kí àwọn akọrin ìjọ má wá mọ́, kí wọ́n má baà kó òtútù wá. Ó bẹ àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá níwájú ilé wọn lálaalẹ́ pé kí wọ́n ká àwọ̀n wọn lọ síbòmíràn. Ilé wọn kò ní ògiri, òpó àti òrùlé páànù ni, nítorí náà ó sọ gbogbo ìbòjú imọ̀ àgbọn kalẹ̀ yí i ká, kí atẹ́gùn òkun má baà fẹ́ sí aláìsàn.

Lákọ̀ọ́kọ́, Fuatino ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Kò sí ẹni tó lè dápàárá tó o ní abúlé yẹn. "Ọ̀gá wọ́dà," á ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fún ẹlẹ́wọ̀n yín láàyè kó húkọ́?" Leitu kì í rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ kì í bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ lúwẹ̀ẹ́ ní orísun omi mọ́. Ó ń ṣe é bíi pé bí ẹnikẹ́ni bá fi lè rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn, ibẹ̀ ni àìsàn á gbà wọlé. Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹ̀fẹ̀ náà dáwọ́ dúró. Leitu rò pé ara ìyá òun ń balẹ̀ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó da kòkó nù yẹn, Àǹtí Aperila pè é sí ilé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé.

"Jókòó."

"Mo fẹ́ bu omi fún Màmá."

"Mo ní kó o jókòó, Leitu. Fuatino ò sọ fún ọ, àbí?"

"Sọ kí ni?"

Obìnrin náà fi igi ko eérú jọ, ó sì tún tú u ká. "Ìwé tó o lẹ̀ mọ́ òpó yẹn, wọn ò fún wa kí ara rẹ̀ lè yá. Wọ́n fún wa kí ìrora má baà pọ̀ lára rẹ̀ ni. Dókítà sọ fún èmi àtòun pé bó bá pẹ́ títí, oṣù mẹ́fà. Ìkarùn-ún la wà yìí."

"Irọ́ ni."

"Ó wù mí kó jẹ́ irọ́."

Leitu kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré wọ ilé, ó kúnlẹ̀ ti ẹní ìyá rẹ̀. Nínú òkùnkùn ìbòjú yẹn, ojú Fuatino nìkan ló ń dán.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mò ń wò ọ́ bó o ṣe ń wọn omi, tó o ń fi ojú kan wo ìlà ara ife. Mo ní ọmọ yìí ti rí nǹkan dì mú, kí n má já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, Leitu. Mo mọ̀ pé ikú ń bọ̀ wá gba gbogbo ohun tí mo ní. Ìwọ ti bá a gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ mi kó tó dé."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ Leitu lára.

Ó jáde lọ sí etí òkun, ó jókòó lórí àpáta dúdú títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, kò lọ lọ́jọ́ kẹta. Ó ń gbé omi fún ìyá rẹ̀, ó ń tún ẹní ṣe, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú rẹ̀. Oṣù márùn-ún. Ó ń ronú gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó wà nínú oṣù márùn-ún, àti gbogbo ẹ̀rín tí àwọn akọrin ì bá ti gbé wá. Ó ń ṣe é bíi pé kò sí ohun tí òun tún lè ṣe tó máa já mọ́ nǹkan, nítorí pé èyí tó yẹ ní ṣíṣe ti kọjá.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì abúlé wá yẹ aláìsàn wò, Leitu sin ín dé ojú ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá fún un ní kòkó, ṣé ó máa pa á?"

Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí i. "Bó bá jẹ́ ife kan lójoojúmọ́, mi ò ní fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kó fi ẹnu kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kó sì gbé e sílẹ̀? Fún un, ọmọ mi."

Leitu padà wá bá Àǹtí Aperila níbi tó ti ń họ gbẹ̀rẹ̀fútù sísun. "Àǹtí, kí làǹfààní ẹ̀? Ẹnu méjì péré. Ó ṣì máa kú náà ni."

"Ó máa kú," ni Aperila dáhùn. "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwọ ò jẹ́ kí ó ríran láti ọjọ́ yìí. Lọ ṣí ìbòjú yẹn."

Leitu ká ìbòjú sókè, láti iwájú ilé títí dé ẹ̀gbẹ́. Ìmọ́lẹ̀ wọlé wàà. Fuatino fi ọwọ́ bo ojú, ó ń ṣẹ́jú, ó ń wá nǹkan kan lójúde.

"Ta ló gé igi gbẹ̀rẹ̀fútù wa?"

"Ìjì ló fà á ya, Màmá. Wọ́n gé e ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn."

"Oṣù méjì," ni Fuatino wí, bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Mi ò mọ̀."

Leitu lọ sẹ́yìnkùlé. Ó yan kòkó náà fúnra rẹ̀, omijé ń já bọ́ sínú agbada, ó jẹ́ kí iná rẹ̀ pọ̀ jù. Ó gún un, ó sè é láìfi ṣúgà sí i, ó bu díẹ̀ sísàlẹ̀ ife, ó sì gbé e wá. Fuatino gbé imú sétí ife fún ìgbà pípẹ́ kó tó mu ún. Ó mu lẹ́ẹ̀kan, ó pa ojú dé.

"Ó korò," ó ní.

"Kò sí ṣúgà níbẹ̀, Màmá."

"Mo mọ̀ pé kò sí ṣúgà. O tún sun ún jóná." Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré kan tó parí sí ikọ́. Láti oṣù kẹta, ìyẹn ni àkọ́kọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n ń wá ohun tó máa dùn mọ́ ọn. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n á gbé ẹní Fuatino sábẹ́ ibi tí páànù ti ń dún jù, á dákẹ́ máa gbọ́ ọ. Leitu ń fi òróró àgbọn pa irun rẹ̀, ó ń yà á pẹ̀lú ìka láìkánjú. Àwọn akọrin wá ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n kọrin méjì, Fuatino sì bá wọn gbé ohùn kejì wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ dá àwọ̀n wọn padà síwájú ilé, Fuatino sì ń ti orí ẹní bú wọn. "Ìwọ tó ga yẹn, bọ́ọ̀lù lò ń gbá ni àbí eṣinṣin lò ń lé? Àfi bíi pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ọwọ́ tí ìyá rẹ bí mọ́ ọ." Ọmọkùnrin náà á dọ̀bálẹ̀ bí ẹni tí ìyà jẹ, gbogbo wọn á sì fi rẹ́rìn-ín.

Kò sí èyí tó wò ó sàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú títí tí awọ rẹ̀ fi ń dán. Ara ń yún un débi pé ó ń họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ. Lọ́jọ́ mìíràn, kòkó náà kì í dúró nínú rẹ̀, á bì í padà, Leitu á sì nu ẹnu rẹ̀. Nígbà míì, àárín ẹ̀rín ni Leitu máa ti dìde, á lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, á di ẹnu ara rẹ̀ mú kó lè sunkún.

Fuatino kú ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, kí oòrùn tó gbóná, bí Leitu ṣe ń pa irun rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé ó sùn lọ ni. Lẹ́yìn ìsìnkú ló jókòó ka ọjọ́ tí wọ́n fi ṣí ìbòjú sílẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù márùn-ún nínú ọkàn rẹ̀, kò sì rí bó ṣe lè jẹ́ kí wọ́n dọ́gba.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Aperila kò fi agídí lé e jáde. Ó kàn lọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ fún un, ó fi sórí ẹní. Leitu wọ̀ ọ́ nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ọjọ́ náà ṣe.

Bọ́ọ̀sì ti kún nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èèyàn ti jókòó lé èèyàn lórí itan bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó dì mọ́ irin lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin àgbà kan tó sanra, tí kò mọ̀ rí, lu itan ara rẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Wá jókòó, ìwọ egungun lásán. O ò lè wúwo ju apẹ̀rẹ̀ kókò mi lọ."

Leitu jókòó. Obìnrin náà fi apá kan gbá a mú ní ìbàdí kó má baà ṣubú níbi tí ọ̀nà ti rí gbágungbàgun, ó sì fi ọwọ́ kejì yọ panikeke gbígbóná kan, ìyẹ̀fun dídín róbótó, láti inú bébà. Ó fi sí i lọ́wọ́.

Leitu jẹ ẹ́. Ó dùn. Ojú tì í pé ó dùn. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ, obìnrin náà kò sì bi í ní nǹkan kan, ó kàn di apá rẹ̀ mọ́ ọn sí i ni.

Orí itan àjèjì yìí ni ohun tó ti ń yí i ká láti ọjọ́ yìí ti wá yé e. Kòkó kì í wo kíndìnrín sàn. Panikeke kò lè jí òkú. Ayọ̀ kékeré kò lágbára láti lé ìbànújẹ́ ńlá lọ, kò sì yẹ kí á bi í léèrè ìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹni tí ìyà ń jẹ lè wà láàyè fún gbogbo ọjọ́ tó bá kù fún un. Ẹni tó bá ní kí ìṣòro kọ́kọ́ tán kí òun tó jẹ́ kí èèyàn òun rẹ́rìn-ín, ó lè jẹ́ èèyàn náà ló máa kọ́kọ́ tán. Òun ti san owó ẹ̀kọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tó máa dá a padà fún un.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé iwájú ilé ìwé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, ó bọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ tó lóròóró mọ́ yẹ̀rì, ó sì wọlé lọ jókòó síwájú ìwé ìdánwò.