Àtàǹpàkò Tabitha

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ̀rọ tó ń la kajú gé ọwọ́ ọ̀tún Tabitha ní ilé-iṣẹ́ kan ní Kàbà, àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ náà sì sọ pé Tabitha fúnra rẹ̀ ló fi àtàǹpàkò rẹ̀ ṣí ìbòrí abẹ.

Naomi, ìnsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, ka àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti di oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti gbé òun fúnra rẹ̀ wá síṣẹ́ ní Kàbà, kò sì tíì rí ẹni bá jẹun.

Ebenezer, ọ̀gá ilé-iṣẹ́, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ pẹ́. "Màdáàmù, ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tó bá ṣí ìbòrí, lílé la ń lé e."

"Ọwọ́ wo, ọ̀gá? Ẹyọ kan ló kù."

Thomas, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà, ló ṣe ojú dígí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ lára ẹ̀rọ náà. Ó mú un bá oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mu: àwòrán fún ẹni tí kò kàwé, bọ́tìnnì ńlá fún ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́, àti ohùn tó ń forúkọ kí wọn bí wọ́n bá ti fi àtàǹpàkò kàn án.

"Torí Mámà Tabitha ni mo ṣe fi àwòrán sí i," ó ní. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì wọ́n."

"Ta ló tún lè fi orúkọ wọn ṣí i?" Naomi bi í.

"Kò sí. Àtàǹpàkò kan, orúkọ kan."

Ní ọsibítù, kò sí ẹni tó jókòó ti Tabitha, kò sí abọ́ oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Okun o, Mámà," Naomi kí i bí àwọn ará Kàbà ṣe ń kíra wọn. "Ta ló ń wá wò yín?"

"Thomas. Mi ò bímọ. Òun nìkan ló ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣí ìbòrí?"

"Kọ ohun tí wọ́n bá ní kí o kọ."

Naomi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá gbé yíǹkì fún un kó fi àtàǹpàkò òsì tẹ ìwé. Àmì rẹ̀ jáde dúdú rọ́bọ́tọ́, láìní ìlà kan. Wọ́n tún un tẹ̀, bákan náà ni.

"Ọdún kẹtàlá rè é tí oje èèpo kajú ti ń jẹ ẹ́," Tabitha ní. "Gbogbo ìka mi ni. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Naomi kò fi sílẹ̀. Ó padà sí ilé-iṣẹ́, ó sì ní kí Thomas fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ níwájú Ebenezer. Ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún kàn án.

"Thomas, okun o," ni ẹ̀rọ wí.

"Ó ku tòsì."

Thomas ki ọwọ́ òsì bọ àpò.

"Àbí tòsì ń ṣàìsàn ni?"

Ó fa ọwọ́ yọ, ó sì fi kàn án.

"Tabitha, okun o."

Naomi kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀rọ ò lè dá ìka tí kò ní ìlà mọ̀. Síbẹ̀ orúkọ Tabitha wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíì ló wà lẹ́yìn orúkọ náà, ìwọ nìkan lo sì ń forúkọ èèyàn sínú ẹ̀rọ."

"Àlejò ń bọ̀ láti Àbújá wá wo ẹ̀rọ yìí," Thomas ní. "Mo ti sọ fún wọn pé ó bá gbogbo oníṣẹ́ mu. Nígbà tí kò gba ìka Mámà, mo fi tèmi dípò, láràárọ̀ ni mo sì ń bá wọn fi kàn án. Láàárọ̀ yẹn, kajú há sẹ́nu abẹ. Mo fi tòsì ṣí ìbòrí kí n lè yọ ọ́, torí mi ò fẹ́ kí orúkọ mi hàn. Mo gbàgbé láti tì í."

Wọn ò lé Tabitha mọ́. Nígbà tí Naomi lọ sọ fún un, kò dúpẹ́.

"Mo mọ̀ pé òun ni," ó ní. "Ọwọ́ ti lọ ná. Kí lo tún wá mú un lọ fún?"

Wọ́n gbé Thomas lọ sí àtìmọ́lé ní Lọ́kọ́jà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni Tabitha tún lò ní ọsibítù, ẹnikẹ́ni kò sì wá béèrè rẹ̀.