Ìlẹ̀kẹ̀ Abẹ́ Awọ

Ilẹ̀kùn èbúté kọ̀ fún Àwẹ̀ró. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn dákẹ́. Ó tún gbé e sí i, ohùn obìnrin kan tó dùn létí sì sọ̀rọ̀ láti inú ògiri pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sílé. Ẹ kò ní àṣẹ láti kúrò nílùú."

Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkùnrin kan tó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sí i, ilẹ̀kùn ṣí, ó kọjá. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ abẹ́-omi tó ń lọ sí Igbókọ̀dá fi gbéra. Àwẹ̀ró ń wò ó láti ojú dígí bó ṣe ń rì wọnú omi lọ, tòun ti gbogbo èrò tí ilẹ̀kùn gbà. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn lọ́hùn-ún. Ìyá náà ti ránṣẹ́ pé kí ọmọ òun má pẹ́.

Orí-Ìgbì lorúkọ ìlú náà. Láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, òkun ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ etíkun Ìlàjẹ, àwọn ọmọ Yorùbá sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìlú dó sórí omi. Wọ́n tẹ́ pẹpẹ irin sórí ìgbì, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ ìsàlẹ̀ òkun. Àárín ìlú yìí ni Òpó Ọ̀run wà, okùn ńlá kan tó nípọn bí igi ìrókò, tó ga kọjá ìkùukùu títí dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti tán. Àgò irin ń gun okùn náà lọ bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń bá a lọ sókè lọ kan àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ sínú òṣùpá.

Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀hún, aya wọn kì í bá wọn wá. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin kan fi dé tí wọ́n ń fi ara ṣòwò. Òfin ìgbà yẹn ní ẹ̀wọ̀n ni, nítorí náà abẹ́ pẹpẹ ni wọ́n ti ń ṣe é, láàárín àwọn òpó irin tó ti dípẹtà, níbi tí ariwo ìgbì kì í jẹ́ kí a gbọ́ igbe ẹnikẹ́ni. Òkun a máa gbé òkú wọn jáde.

Ìgbà tí òkú pọ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníhun lọ bá ìgbìmọ̀ àwọn àgbà. Obìnrin ni, ọ̀mọ̀ràn nípa ara ènìyàn àti nípa ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òwò náà wá síta gbangba, kí òfin máa ṣọ́ ọ. Ó ti ṣe ohun kékeré kan tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ, ó sọ ọ́ ní ìlẹ̀kẹ̀-ẹ̀ṣọ́. Wọ́n á fi sí abẹ́ awọ ọrùn ọwọ́ obìnrin tó bá ń ṣiṣẹ́ náà. Bí àìsàn bá wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á mọ̀, á sì sọ fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe é ní jàǹbá, kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àwọn ẹ̀ṣọ́ á dé kí ó tó mí kanlẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbà. Wọ́n kọ́ Ilé Ìtura sí ojútáyé, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sì ń pe ara wọn ní ọmọ ilé. Wọ́n fi ayọ̀ na ọwọ́ wọn fún ìlẹ̀kẹ̀. Láti ọjọ́ náà, òkun kò gbé òkú obìnrin kankan jáde mọ́.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ìlẹ̀kẹ̀ ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀.

Àwẹ̀ró, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà, gba ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ láti èbúté.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilẹ̀kùn tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí èbúté kọ̀ fún mi."

"Ilẹ̀kùn náà kò tíì mọ iṣẹ́ ni," Ọ̀jọ̀gbọ́n dáhùn. "Padà lọ lọ́la."

"Gbogbo èrò tó kù ló gbà."

"Mo ní kó o padà lọ lọ́la, Àwẹ̀ró."

Obìnrin yìí ni kì í bá ọmọ ilé kankan sọ̀rọ̀ kó má gba ọwọ́ rẹ̀ mú, kó wo bí ojú ọgbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ṣe jiná sí. Lọ́jọ́ náà, kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Àwẹ̀ró rí i. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Nígbà tó délé, ó ròyìn fún Mosúnmọ́lá, ọmọ ilé kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, tí wọ́n ti jọ gbé yàrá kan náà kí kálukú tó ní tirẹ̀. Mosúnmọ́lá kì í fẹ́ràn wàhálà, àmọ́ ó bá a padà sí èbúté. Wọ́n mú obìnrin tó ń dáná fún wọn dání, nítorí òun kò gbé ìlẹ̀kẹ̀. Obìnrin adáná gbé ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí. Mosúnmọ́lá gbé tirẹ̀ sí i, ohùn dídùn yẹn ní kó padà sílé.

"Àǹtí Àwẹ̀ró," ó rọra sọ ọ́, "àṣé wọ́n ti so wá mọ́lẹ̀."

"Ta ló so wá?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Bàbá Ọláṣebìkan ni."

Bàbá Ọláṣebìkan ni olórí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà. Gbogbo ìlú mọ̀ pé kò fẹ́ òfin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé òun á rí òpin Ilé Ìtura kí òun tó kú. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ ilé kó ara wọn jọ lọ sí gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀, ojú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníhun náà wá. Òun ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹni tó kórìíra òfin yìí," ó ní, "ló yẹ kí a bi léèrè ohun tó ṣe sí ilẹ̀kùn."

Bàbá Ọláṣebìkan wò ó títí. "Láníhun, ṣé ojú mi lo ti ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó kọjú sí gbogbo gbọ̀ngàn.

"N kì í fi nǹkan pamọ́," Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Èmi ni mo bèèrè fún un. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i kí obìnrin máa ta ara rẹ̀ ní ìlú yìí, àfi bí ẹ bá fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé àìsàn ibẹ̀ kò ní kọjá sí ilẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ wa. Obìnrin yìí ló ní òun á mú kí ilẹ̀kùn máa dá wọn mọ̀. Mo bi í pé, ṣé wọ́n mọ̀? Ó ní kí a má tíì sọ fún wọn."

Gbogbo ojú yí kúrò lára Bàbá, ó lọ bà lé Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Ohùn ẹnì kan ló kù kí òfin náà tó dúró," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. "Òkú ń léfòó lórí omi. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo fi ilẹ̀kùn ra ẹ̀mí yín."

"Kí ẹ bi wá," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyẹn. Kí ẹ bi wá."

"Bí ẹ bá kọ̀ ńkọ́?"

"Ṣebí ara wa ni." Ó kọjú sí àwọn àgbà. "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, mo ní ìbéèrè kan. Àwọn ọkùnrin tó ń wá sọ́dọ̀ wa, ṣé wọ́n gbé ìlẹ̀kẹ̀? Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wọ ọkọ̀ lọ bá ìyàwó wọn nílé. Àbí ẹni tó sanwó kì í kó àìsàn, àwa tí a gbà á nìkan ló ń kó o?"

Àwọn àgbà kan wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́.

Ohùn Bàbá Ọláṣebìkan rọ̀. "Ọmọ mi, ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ní kí a fòfin dè é pátápátá. Ọmọ àbúrò mi kan wà, iṣẹ́ ìtajà ni wọ́n ní ó ń bọ̀ wá ṣe níbí. Ìgbà tó dé ló tó mọ irú ọjà tí wọ́n fẹ́ tà. Ohun tí ìjọba bá ti fọwọ́ sí, atannijẹ á fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹni tó tan ọmọ yín jẹ, ẹ mú un, kí ẹ má ṣàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tan èmi jẹ. Òkun gba oko wa, mo wo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, mo yan èyí. Bí ẹ bá tún sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n, àwọn oníbàárà kò ní tìtorí ẹ dín kù. Abẹ́ pẹpẹ la ó padà sí."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Níkẹyìn, àwọn ọmọ ilé ní ohun kan ṣoṣo làwọn fẹ́: kí Ọ̀jọ̀gbọ́n pa ọ̀rọ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ ń bá ilẹ̀kùn sọ, kó fi ti ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. "Gbòǹgbò kan náà ni wọ́n. Bí mo bá pa ọ̀kan, èkejì á kú."

"Ṣé òótọ́ ni?" Àwẹ̀ró bi í.

"Èmi ni mo ṣe é."

Ojú Àwẹ̀ró kò kúrò lára rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sọ pé irọ́ ni, àmọ́ kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ, kò sì sí ẹlòmíràn tí wọn á bi. Àwọn ọmọ ilé kó ara wọn sí kọ̀rọ̀ kan.

"Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," Mosúnmọ́lá ní. "Àǹtí, ẹ̀rù ń bà mí. Èmi kò níbi tí mò ń lọ."

"Ẹni tí kò níbi tó ń lọ lónìí lè ní lọ́la. Ìyá mi ń kú lọ, Mosúnmọ́lá."

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n pa ìlẹ̀kẹ̀ pátápátá nawọ́, Mosúnmọ́lá wo ojú Àwẹ̀ró, ó sì na tirẹ̀. Àwọn tó nawọ́ ló pọ̀ jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n pa ìlẹ̀kẹ̀ lójú gbogbo wọn. Bó ṣe ń kó ẹ̀rọ rẹ̀ sínú àpò, ó ní, "Ẹ ó wá mi wá."

Àwẹ̀ró wọ ọkọ̀. Inú ilé orí òpó kan létí Igbókọ̀dá ló ti bá ìyá rẹ̀, ó ti gbẹ bí igi ẹ̀ẹ̀rùn, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀.

"Wọ́n ní ìlú yín kì í jẹ́ kí ènìyàn jáde mọ́," ìyá náà ní.

"Mo jáde, Màmá."

Ó wẹ̀ fún un, ó se ẹja tútù fún un, ó ń fi ṣíbí bu omi ọbẹ̀ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà kò bi í léèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀, kò sì bi í léèrè rí. Ó kàn gba ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, ó ń fi ìka ra ibi líle kékeré tó wà lábẹ́ awọ náà bí ẹni ń ra ibi tí kòkòrò ti jẹ ọmọdé. Ara rẹ̀ ti ń le díẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé láti Orí-Ìgbì.

Mosúnmọ́lá ti kú. Ọ̀sán gangan ni, nínú yàrá rẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun nísàlẹ̀. Oníbàárà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí Òpó Ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ ló fún un lọ́rùn. Wọ́n rí ọkùnrin náà mú ní èbúté, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Àtàǹpàkò ọmọbìnrin náà ṣì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin nígbà tí wọ́n bá a.

Àwẹ̀ró padà wá sin ín. Lẹ́bàá òkú ni Bàbá Ọláṣebìkan ti ní, "Ṣé ẹ rí i? Òwò tó ń pa ọlọ́jà, ẹ jẹ́ ká fòpin sí i." Bàbá ń sunkún, omijé rẹ̀ kì í ṣe ti ẹ̀tàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Láníhun dúró lódìkejì, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ ń ṣe fún yín nìyí." Àwẹ̀ró ń ronú ọwọ́ tí ọmọ náà nà sókè, àti ojú tó wò kó tó nà á.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọmọ ilé ti lọ bẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní àwọn gbà, kó dá ìlẹ̀kẹ̀ padà, kódà tòun ti ilẹ̀kùn. Ìyá Mosúnmọ́lá, tí wọ́n ti ilẹ̀ ránṣẹ́ pè, wà láàárín wọn, ó kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n nítorí ọmọ ọlọ́mọ tó kù. Wọ́n ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lè wo ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìlẹ̀kẹ̀ tún jí. Àwẹ̀ró lọ sí èbúté láti dán an wò. Ó gbé ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, ó rò pé á kọ̀ fún òun. Ilẹ̀kùn ṣí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ sáré dé. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló gba ilé iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ.

"Ẹ ti ya ti ilẹ̀kùn kúrò lára ti ẹ̀ṣọ́," ó ní.

"Mo gbìyànjú."

"Láàárín àná sí òní. Níwájú ìgbìmọ̀, ẹ ní gbòǹgbò kan náà ni wọ́n."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó tún mú un.

"Mo rò pé ẹ̀rù á bà yín," ó sọ ọ́ níkẹyìn. "Mo rò pé ẹ ó padà wá láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ pé ẹ fẹ́ ẹ, tòun ti ilẹ̀kùn. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó máa lè wí pé n kò bi yín. N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa kú."

"Ẹ mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ka òkú wa fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó gba òfin. Ẹ mọ̀ ju gbogbo wa lọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tún gbé awò náà sórí tábìlì.

"Àwọn ọmọ ilé wà nísàlẹ̀," Àwẹ̀ró ní. "Wọ́n gbé ẹja wá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ìyá Mosúnmọ́lá ló gbé ti iwájú. Ẹ dìde, ká lọ bá wọn."

"Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò dìde. Àwẹ̀ró kò sì kán an lójú. Ó lọ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin náà láti ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún Láníhun, pé ọwọ́ tó gbà wọ́n là kò ní rọ.