Arvid àti Abẹ́rẹ́ Màlúù

Ohun tó fẹ́ pa Arvid Tollefson kì í ṣe ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìlara ni.

Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Màlúù ni ó ń sìn ní ìgbèríko ìpínlẹ̀ Wisconsin, kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ kì í kúrò lára Lyle Brekke, aládùúgbò rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí Arvid bí ti kọ oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá. Karin, ọmọ Lyle, kàwé tán, ó padà wálé, ó di dókítà ilé ìwòsàn àdúgbò. Ìyẹn ni egungun tó há Arvid lọ́fun. Nígbà tí gbogbo ìjọ dìde kí Karin káàbọ̀, òun nìkan ni ó jókòó.

Nígbà tó yá, irin ilẹ̀kùn abà gé e lójúgun. Ẹsẹ̀ wú, ó pọ́n, ó gbóná. Marlys ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ rí dókítà.

"Ọmọ Lyle ni kí n lọ ká ṣòkòtò fún? Kí bàbá rẹ̀ lè fi mí ṣẹ̀fẹ̀ nídìí kọfí lẹ́yìn ìsìn? Lọ sinmi, Marlys."

Ó ṣí fíríìjì abà, ó fi abẹ́rẹ́ fa pẹnisílíìnì, oògùn apakòkòrò tó rà fún màlúù, ó fojú díwọ̀n rẹ̀, ó sì ń gún un mọ́ itan ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹta, pípọ́n náà rọlẹ̀. Ó dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró, ó sì ń yangàn pé òun kò nílò ọmọ ẹnikẹ́ni. Kòkòrò àrùn tí kò kú sì ti wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ta ni ó kọ́ ẹni tó ń gbàdúrà láràárọ̀ pé ikú sàn ju kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò?

Ara àgbàlagbà lè má gbóná nígbà tí àrùn bá wọ ẹ̀jẹ̀. Nígbà mìíràn ọpọlọ ni ó ń kọ́kọ́ dàrú. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Lyle wá dá àkàbà kan padà, ó sì bá Arvid tó ń fi orúkọ ìyá rẹ̀ pe màlúù. Lyle kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé Arvid kò dá òun mọ̀, ó gbé e sọ́kọ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Karin fi oògùn apakòkòrò sí i níṣan, ó sì díwọ̀n rẹ̀ bí kíndìnrín arúgbó ṣe lè gbà á. Síbẹ̀ oògùn náà kò tètè ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí iyè Arvid padà díẹ̀, Karin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ tí a yẹ̀ wò kò jẹ́ ká rí kòkòrò náà dáadáa. Ẹ ti lo oògùn kan kí ẹ tó dé. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ yín lè lọ, ẹ̀mí yín lè bá a lọ."

Arvid kọjú sí ògiri. Kí ó jẹ́wọ́ fún ọmọ Lyle, níṣojú Lyle tó jókòó síbẹ̀?

Lyle fa àga sún mọ́ ọn. "Ìwọ alágídí yìí. Ṣé o rò pé n kò mọ̀ pé ò ń jowú mi? Èmi náà ti jowú rẹ rí. Marlys ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣaya, o mọ̀ ọ́n. Ọdún méje ni mo fi ń gbàdúrà kí abà rẹ jóná. Ọjọ́ tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Jésù, tí n kò fi ìkankan pamọ́, ni ó gbà mí lọ́wọ́ ara mi. Sọ ọ́, Arvid."

Omi bọ́ lójú Arvid.

"Abẹ́rẹ́ màlúù ni. Ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí mo kórìíra rẹ, Lyle. Jésù, ṣàánú mi, wẹ̀ mí mọ́."

Karin pààrọ̀ oògùn. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó fi ń wọ ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dá a dúró nígbà tí ara kọ́kọ́ fúyẹ́. Nígbà tó délé, ó gbọ́ pé Lyle ni ó ń fún wàrà màlúù òun láràárọ̀. Ó sunkún, kò sì tijú.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, o ti ń fi lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mú pípọ́n ojú ọgbẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ rọlẹ̀; gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Jésù nìkan ni ó lè dé ibẹ̀. Bí o ti ń kà á, orúkọ ẹnì kan ti sọ sí ọ lọ́kàn, ẹni tí ayọ̀ rẹ̀ ń ta ọ́ bí ata. Má ṣe sọ pé ó di ọ̀la. Dárúkọ ẹni náà fún Jésù nísinsìnyí, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.